Níbo ni Ọkùnrin Arẹ́rìn-ín ti wá?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo Ghost in the Shell: Stand Alone Complex tán, eré àwòrán Japan nípa àwọn ọlọ́pàá tó ń wá ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Ọkùnrin Arẹ́rìn-ín (The Laughing Man), gbogbo apá 26 rẹ̀. Mo gbádùn rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ó rú mi lójú. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ayédèrú The Matrix ni. Ẹlòmíràn ní ẹni tí kò bá ka ìwé Salinger, òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà, kò lè lóye rẹ̀. Mo wá ìtàn 'The Laughing Man' rí, mo kà á, mi ò rí kọ̀ǹpútà níbẹ̀, mi ò rí ọlọ́pàá, mi ò rí oògùn. Níbo gan-an ni wọ́n ti rí eré yìí? Kí ni kí n kà, kí ni kí n fi sílẹ̀?"

Àbúrò, o ṣeun. Kì í ṣe pé o kò kàwé tó ló fa ìdààmú rẹ. Ìwé tí wọ́n darí rẹ sí kọ́ ló yẹ kí o kọ́kọ́ kà, wọn kò sì sọ fún ọ pé oríṣi mẹ́ta ni gbèsè tí eré yìí jẹ. Èkíní ni èyí tí eré náà fẹnu ara rẹ̀ sọ: ìwé, orúkọ tàbí gbólóhùn tó hàn lójú sinimá, tí o lè dá àwòrán dúró kí o kà á. Èkejì ni èyí tí kò dárúkọ, àmọ́ tó jọ ìṣẹ̀lẹ̀ gidi kan débi pé ará Japan tó ti dàgbà díẹ̀ yóò dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àfiwé tí àwa òǹwòran fúnra wa ń ṣe. Bí mo bá ti ń lọ, n ó máa sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ́ sí, nítorí ìjọra nìkan kò tó ẹ̀rí.

Ọ̀rọ̀ The Matrix kò gba àkókò. Ọdún 1989 ni ìwé alálàwòrán Ghost in the Shell tí Shirow Masamune kọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ní 1995, Oshii Mamoru fi ṣe fíìmù. The Matrix jáde ní 1999, àwọn Wachowski tó ṣe é sì ti fi fíìmù Oshii han Joel Silver tó gbé iṣẹ́ náà jáde, pé irú èyí gan-an ni àwọn fẹ́ fi ènìyàn gidi ṣe. Eré tí ìwọ wò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2002, Kamiyama Kenji ló darí rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Production I.G. Kànga kan náà ni àwọn méjèèjì ti pọn omi, The Matrix kọ́ ló gbẹ́ ẹ. Bí o bá fẹ́ lọ sẹ́yìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, fíìmù Blade Runner ti 1982 àti ìwé Neuromancer tí William Gibson kọ ní 1984 ló la ojú ọ̀nà fún gbogbo wọn.

Orúkọ eré náà ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ka "ghost" sí iwin tàbí òkú tó ń rìn kiri. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1949, Gilbert Ryle, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Bírítéènì, kọ ìwé kan tó fi bu ẹnu àtẹ́ lu èrò Descartes, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Faransé. Ó ní àwọn tó gbà pé ọkàn jẹ́ ohun ọ̀tọ̀ tó kàn wá jókòó sínú ara ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé iwin wà nínú ẹ̀rọ. Èébú ni lẹ́nu Ryle. Arthur Koestler gba èébú yẹn, ó fi ṣe orúkọ ìwé tirẹ̀ ní 1967, The Ghost in the Machine. Shirow gbà á lọ́wọ́ Koestler, ó mú ẹ̀rọ kúrò, ó fi ìkarahun sí i. Ohun tí "ghost" wá ń tọ́ka sí nínú eré yìí ni ohun tó ṣẹ́kù lára ènìyàn lẹ́yìn tí a bá ti pààrọ̀ apá, ẹsẹ̀, ojú àti ọ̀pọ̀ nínú ọpọlọ rẹ̀ sí irin. Àwa á pè é ní ẹ̀mí, tàbí ọkàn. Ìgbín mọ ìkarahun rẹ̀ ní tirẹ̀ torí pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Kusanagi Motoko, ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá inú eré náà, ń pààrọ̀ tirẹ̀ bí ẹni pààrọ̀ aṣọ, ìdí sì nìyẹn tí ó fi ń bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tí òun jẹ́.

Koestler tún mú ohun mìíràn wá tí àwọn ènìyàn kì í sábà kíyè sí. Ó ní ohun tó pọ̀ jù láyé ló ní ojú méjì: ó pé fúnra rẹ̀, ó sì tún jẹ́ ara ohun tó tóbi jù ú lọ. Sẹ́ẹ̀lì dá wà, ó sì tún jẹ́ ara ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ dá wà, ó sì tún jẹ́ ara ènìyàn. Ènìyàn dá wà, ó sì tún jẹ́ ara ìlú. Ó pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní holon. Wá wo àkọlé tó wà lọ́wọ́ rẹ: Stand Alone, ohun tó dá dúró, Complex, ohun tó so kọ́ra. Oríṣi kẹta ni mo ka èyí sí, àfiwé tèmi ni, mo sì dúró lórí rẹ̀. Eré náà pàápàá fi ọ̀nà yìí pín ara rẹ̀: bí apá kọ̀ọ̀kan bá ti bẹ̀rẹ̀, wàá rí i lára àkọlé rẹ̀ bóyá ó dá dúró tàbí ó jẹ́ ti ìtàn ńlá. Mẹ́rìnlá ló dá dúró, méjìlá ló so mọ́ ọ̀rọ̀ Ọkùnrin Arẹ́rìn-ín.

Ó wá kan Salinger. Ìwé rẹ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wọ inú eré yìí, èyí tó fúyẹ́ jù ni wọ́n sì gbé fún ọ. "The Laughing Man" jáde nínú The New Yorker ní oṣù kẹta ọdún 1949. Ọ̀dọ́kùnrin kan ń kó àwọn ọmọdé kiri nínú bọ́ọ̀sì ní New York ní 1928, ó sì ń pa ìtàn fún wọn: àwọn ọlọ́ṣà jí ọmọ míṣọ́nnárì kan gbé, wọ́n ki orí rẹ̀ bọ inú irin tí káfíńtà fi ń fún pákó, wọ́n fún un títí ojú rẹ̀ fi bàjẹ́, ọmọ náà sì dàgbà di ọ̀daràn olókìkí tó ń fi òdòdó pọ́pì bojú. Orúkọ àti ojú tí a bò ni Kamiyama mú níbẹ̀. Bí o ṣe wá kọ̀ǹpútà tí o kò rí i, o kò ṣàṣìṣe, kò sí níbẹ̀ lóòótọ́.

Ìwé tó jẹ́ òpómúléró eré náà ni The Catcher in the Rye, ti 1951. Lọ sí orí 25. Holden Caulfield, ọmọ tí ọ̀rọ̀ àgàbàgebè àwọn àgbà ti sú, ń rò ó pé òun á sá lọ sí ìwọ̀-oòrùn, òun á wá iṣẹ́ sí ilé epo, òun á sì ṣe bí adití tó tún yadi. Ẹni tó bá fẹ́ bá òun sọ̀rọ̀ á ní láti kọ ọ́ sórí ìwé, kò ní pẹ́ tí á fi sú wọn, òun á sì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ asán títí ayé. Gbólóhùn yẹn ló ń yí po lára àmì Ọkùnrin Arẹ́rìn-ín, èyí aláwọ̀ búlúù tí o rí, ojú tó dé fìlà tó ń rẹ́rìn-ín, èyí tí Paul Nicholson yà. Dá àwòrán dúró nígbàkigbà tí àmì náà bá bo ojú ẹnìkan, wàá lè kà á yíká.

Wá padà sí apá 11, níbi tí Togusa, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá náà, ti wọ ilé ìtọ́jú àwọn ọ̀dọ́ tí íńtánẹ́ẹ̀tì ti gbé ọkàn wọn lọ. Ìbọ̀wọ́ bésíbọ́ọ̀lù kan wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ sì wà lára awọ rẹ̀. Ẹni tí kò ka Salinger á rò pé ohun ìṣeré lásán ni. Ẹni tó kà á yóò rántí Allie, àbúrò Holden tó kú. Ọlọ́wọ́ òsì ni Allie, ó sì fi tàdáwà aláwọ̀ ewé kọ ewì sára gbogbo ìbọ̀wọ́ tirẹ̀, kí ó lè rí nǹkan kà lórí pápá nígbà tí bọ́ọ̀lù kò bá wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Holden kò fi ìbọ̀wọ́ yẹn sílẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú eré tó la ẹnu, ìbọ̀wọ́ náà ti sọ fún ọ pé ọmọ tí à ń wá wà nínú ilé yẹn, pé ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, tí kò sì lè fọhùn, àti pé ọ̀fọ̀ ń ṣe é. Aoi, Ọkùnrin Arẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀, ni ọmọ náà. Ó ti sọ òtítọ́ lójú gbogbo ayé, ó rí bí wọ́n ṣe fi irọ́ bò ó, ó wá sá pamọ́ sínú ìdákẹ́jẹ́. Ohun tó mú mi ka Kamiyama kún gan-an ni àfikún kékeré tí kò sí nínú ìwé Salinger. Níbì kan nínú eré náà, lẹ́yìn gbólóhùn nípa adití, ìbéèrè kan tẹ̀ lé e: "àbí kí n má ṣe bẹ́ẹ̀?" Holden sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti pinnu. Ọmọ ti Kamiyama kò dá a lójú pé ó tọ́ kí òun dákẹ́, gbogbo apá 20 sí 26 sì wà lórí iyèméjì yẹn.

Oògùn àti ilé-iṣẹ́ ńlá tí o wá nínú Salinger tí o kò rí, inú ìròyìn Japan ni kí o ti wá wọn. Oríṣi kejì nìyí. Ní oṣù kẹta ọdún 1984, àwọn kan jí Ezaki Katsuhisa, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Glico tó ń ṣe súìtì, gbé láti ilé rẹ̀. Ó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, àmọ́ wọn kò dẹ́kun. Wọ́n ń kọ lẹ́tà sí ọlọ́pàá àti ilé ìròyìn láti fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n fi májèlé sáyánáìdì sínú súìtì lórí àtẹ, wọ́n bọ́ sára ilé-iṣẹ́ Morinaga àti àwọn mìíràn, wọ́n ń béèrè owó. Orúkọ tí wọ́n fi ń buwọ́ lu lẹ́tà ni "Abàmì Olójú 21", èyí tí wọ́n fa yọ láti inú ìwé ìtàn ọ̀daràn tí Edogawa Rampo kọ fún àwọn ọmọdé. Nígbà tó di 2000, àkókò tí òfin fi sílẹ̀ láti fẹ̀sùn kàn wọ́n tán, a kò mú ẹnikẹ́ni. Wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ eré náà: wọ́n jí Serano, ọ̀gá ilé-iṣẹ́, gbé, wọ́n halẹ̀ mọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀daràn náà fi orúkọ tó ti inú ìwé wá ṣe ìbòjú, ọlọ́pàá kò sì rí i mú. Kò ṣòro láti rí i.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára Murai ṣòro díẹ̀. Nínú eré náà, abẹ́rẹ́ kan ń ṣiṣẹ́ fún àrùn ọpọlọ, ilé-iṣẹ́ ìjọba kò fi òǹtẹ̀ lù ú nítorí pé ẹ̀rọ kékeré tó gbówó lórí ni wọ́n fẹ́ tà, síbẹ̀ wọ́n ń gún un ní kọ̀rọ̀ fún àwọn ènìyàn ńlá. Ohun tí èyí máa ń mú wá sí mi lọ́kàn ni ọ̀ràn ẹ̀jẹ̀ ní Japan ní àwọn ọdún 1980. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í dì gba oògùn tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ṣe, tí wọn kò fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀, ju 1,000 ènìyàn lọ sì kó kòkòrò HIV. Oògùn tí wọ́n ti fi ooru tọ́jú wà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń lo ti tẹ́lẹ̀. Ní 1996, Kan Naoto tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tó fara gbá a. Àfiwé òǹwòran ni èyí, má ṣe fi búra. Ohun tó dájú ni pé òǹwòran Japan ní 2002 kò nílò àlàyé púpọ̀ kí ó tó gbà pé ilé-iṣẹ́ ìlera lè mọ òtítọ́ kí ó sì pa á mọ́.

Ní ti sáyẹ́ǹsì, ohun tó yẹ kí o kọ́kọ́ lóye ni bí Aoi ṣe ń jí ojú àwọn ènìyàn. Kì í ṣe idán. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta ni: kí ẹ̀rọ wá ojú ènìyàn rí nínú àwòrán, kí ó máa tẹ̀ lé e bó ṣe ń mì, kí ó sì lẹ àmì mọ́ ọn kí àwòrán tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wò. Fílítà tó ń fi etí ajá sí ọ lórí lórí fóònù ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nǹkan bí ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé fóònù dúró níta ara rẹ, ọpọlọ oní-ẹ̀rọ, ọpọlọ tí wọ́n so kọ̀ǹpútà mọ́ nínú eré náà, sì wà láàárín ojú rẹ àti òye rẹ, o kò lè yọ ọ́ kúrò kí o fi ojú lásán wò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ó na ìbọn sí Serano, àwọn aláìnílé méjì tí kò ní ọpọlọ oní-ẹ̀rọ nìkan ló rí ojú rẹ̀. Eré náà fi ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn sí ọdún 2024. Ní oṣù kìíní ọdún 2024 gan-an ni ilé-iṣẹ́ Neuralink fi ẹ̀rọ rẹ̀ sínú ọpọlọ ènìyàn àkọ́kọ́, pẹ̀lú 1,024 ojú-ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohun tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ń sọ. Iye sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ tó wà nínú ọpọlọ tó bílíọ̀nù 86. Ẹ̀rọ náà ń gbọ́ kí aláìlera lè fi èrò ọkàn darí kọ̀ǹpútà. Kíkọ àwòrán odindi padà sínú ọpọlọ jẹ́ iṣẹ́ mìíràn tó jìnnà réré sí ibi tí a wà.

Aṣọ inú eré náà tí kì í jẹ́ kí a rí ẹni tó wọ̀ ọ́ ti sún mọ́ wa díẹ̀. Ní 2003, Tachi Susumu ní Yunifásítì Tokyo fi ẹ̀wù kan hàn tí ara rẹ̀ ń dá ìmọ́lẹ̀ padà tààrà síbi tó ti wá. Kámẹ́rà ń ya ohun tó wà lẹ́yìn ẹni tó wọ̀ ọ́, ẹ̀rọ mìíràn sì ń tan àwòrán yẹn sára ẹ̀wù náà láti iwájú. Ṣùgbọ́n ojú kan ṣoṣo, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde, ni o gbọ́dọ̀ ti wò ó. Bí o bá sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwòrán náà bàjẹ́. Motoko ń fò láti orí òrùlé ilé gíga, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú sì lè máa wò ó lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ti ẹ̀wù Tachi kò ní lè gbà á.

Ní ti sinimá, apá 3 ni kí o tún wò. Ọmọkùnrin kan àti Jeri, obìnrin ẹlẹ́rọ rẹ̀, ń fi ọ̀rọ̀ inú fíìmù kan bá ara wọn sọ̀rọ̀. À bout de souffle ni fíìmù náà, tí Jean-Luc Godard ṣe ní 1960. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, wàá rò pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tiwọn ni. Bí o bá mọ̀ ọ́n, wàá máa tẹ́tí láti mọ ibi tí àkọ́sórí parí sí tí ọ̀rọ̀ Jeri fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí apá náà ń béèrè gan-an nìyẹn. Nínú apá 12, ọpọlọ olùdarí fíìmù kan tó ti kú wà nínú àpótí. Ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ á bá ilé sinimá, fíìmù náà sì dùn débi pé kò sẹ́ni tó fẹ́ jáde. Motoko wò ó, omijé dà lójú rẹ̀, ó dìde, ó sì jáde. Òun àti olùdarí náà jiyàn lórí bóyá àlá tó ń mú ènìyàn sá kúrò láyé ní láárí, mo sì gbà pé ibẹ̀ ni Kamiyama ti sọ ohun tó gbà nípa iṣẹ́ tirẹ̀. Apá 15 tún wà: àkọlé rẹ̀ ní èdè Faransé, Machines Désirantes, ọ̀rọ̀ Deleuze àti Guattari, àwọn onímọ̀ ọmọ Faransé, láti 1972 ni, Tachikoma kan, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ ogun tó ń ronú tí àwọn ọlọ́pàá náà ń lò, sì jókòó ti Flowers for Algernon, ìwé Daniel Keyes nípa ọkùnrin tí ọgbọ́n rẹ̀ ga sókè tó sì tún já padà. Tachikoma tó ń ka ìwé yẹn kò mọ̀ pé wọ́n ti fẹ́ gba ohun ìjà lọ́wọ́ wọn nítorí pé wọ́n ti gbọ́n jù.

Ohun tó so gbogbo èyí pọ̀ wà ní apá 6 àti 26. Àkọlé apá 6 ni Meme, ọ̀rọ̀ tí Richard Dawkins dá sílẹ̀ ní 1976 fún èrò tó ń ràn láti orí dé orí bí àrùn. Ènìyàn rẹpẹtẹ dìde lẹ́ẹ̀kan náà láti pa ọ̀gá ọlọ́pàá, kálukú ní òun ni Ọkùnrin Arẹ́rìn-ín, wọ́n sì wádìí, kò sí ẹni tó mọ ẹnìkejì rẹ̀. Ní apá 26 a wá gbọ́ pé Aoi pàápàá kọ́ ni orísun: lẹ́tà ìhalẹ̀ tí ẹlòmíràn kọ ló rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó gbà á gbọ́, ó sì ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀dà ni gbogbo wọn, ojúlówó kò sí níbì kankan. Fredric Jameson àti Ōsawa Masachi tí wọ́n dárúkọ nínú ìjíròrò yẹn, onímọ̀ gidi ni wọ́n, ọ̀rọ̀ Jameson nípa alágbàátà tó ń pòórá lẹ́yìn tí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí ni wọ́n sì ń fi ṣàlàyé Aoi. Eré tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá lórí ẹ̀dà tí kò ní orísun kò lè fi gbèsè tó jẹ pamọ́. Ìdí nìyẹn tó fi kọ Salinger sára àmì, kí gbogbo ayé lè kà á.

Ní ti ohun tí wàá kà, bí àkókò rẹ kò bá pọ̀, ka The Catcher in the Rye nìkan, orí 26 ni, kò tóbi. "The Laughing Man" o ti kà, ó tó. Fi Koestler àti Jameson sílẹ̀ di ìgbà tí ebi wọn bá pa ọ́, wọ́n le, eré náà sì ti fún ọ ní kókó wọn. Wo fíìmù Godard kí o tó tún apá 3 wò. Àwọn kan á ní kí o wo àkópọ̀ tí wọ́n ṣe ní 2005, tó gùn tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 160. Ó dára fún ìrántí, ṣùgbọ́n ó gé ohun tí a sọ nípa Jeri àti ilé sinimá kúrò, nítorí náà má ṣe fi rọ́pò. Tí o bá fẹ́ ìtàn ńlá nìkan lẹ́ẹ̀kejì, apá 4, 5, 6, 9, 11 àti 20 sí 26 ni. Tí o bá sì kọjá sí 2nd GIG, ìpín kejì eré náà, apá 2 rẹ̀ gba Taxi Driver ti 1976 wọlé: ọmọ ogun àtijọ́ kan ń wa ọkọ̀ òfuurufú fún olówó, ó ń gbìmọ̀ ìpànìyàn nínú ọkàn rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì kà á sí. Wàá tún gbọ́ orúkọ Patrick Sylvestre tó kọ àwọn àròkọ nípa ìyípadà ìjọba. Má ṣe wá a lọ sí ilé-ìkàwé, Kamiyama ló dá a. Ikú tí wọ́n fi pa Inukai Tsuyoshi, olórí ìjọba Japan, ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún 1932, tí eré náà ní ó kọ nípa rẹ̀, ló ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́.

Bẹ̀rẹ̀ láti orí 25, lẹ́yìn náà kí o tún apá 11 wò, kí o sì fojú sí ìbọ̀wọ́ yẹn.